CCEd: àtòjọ àwọn àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tó ti wúlò àti ibi tó mọ

Ẹni tó bá wá orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther nínú Clergy of the Church of England Database, àtòjọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní CCEd, kò ní rí i. Àṣìṣe kọ́. Ọdún 1540 sí 1835 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ọdún 1843 ni Crowther sì di díákónì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Fún àlùfáà Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, a ò mọ èyí tó tó o, ọ̀fẹ́ sì ni. Inú ìwé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ṣà á jọ. Ẹ má wo orúkọ ẹni tí ẹ ń wá nìkan o. Ẹ ṣí ojú ewé ìjọ rẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí bóyá ikú ló mú ẹni ìṣáájú lọ tàbí ó fipò sílẹ̀.

Orúkọ ló ń dani láàmú jù. Ẹnì kan lè ní nọ́ńbà méjì nínú CCEd, bí ẹni pé èèyàn méjì ni, nítorí pé akọ̀wé kan kọ Smith, èkejì kọ Smyth. Ọjọ́ orí ni kí ẹ fi yà wọ́n: láti 1604, òfin ní kí díákónì ti pé ọdún 23, kí àlùfáà pé 24. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní 1775 kò lè di díákónì ní 1790. Ẹ sì rántí pé kó tó di 1752, March 25 ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; February 1699 inú ìwé wọn, 1700 tiwa ni.

Àwọn kúréètì, ìyẹn àwọn igbákejì àlùfáà ìjọ, ni CCEd kò kó tán, torí ọ̀pọ̀ wọn kò gba ìwé àṣẹ. Ìwé ìjọ ló ń tú wọn síta. Láti 1754 ni àlùfáà ti ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Láti 1813, ìwé ìrìbọmi ní àyè tirẹ̀ fún orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá kọ “Officiating Minister” (àlùfáà tó darí ìsìn) síwájú orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ àlejò ọjọ́ kan. Àmọ́ tí ìfọwọ́sí kan náà bá ń jáde lójú ewé dé ojú ewé fún oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn 1835, ẹ lọ sí ìwé àtòjọ àwọn àlùfáà tí wọ́n ń tẹ̀ jáde: Clergy List ti 1841 síwájú, lẹ́yìn náà Crockford, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1858. Àwọn àlùfáà fúnra wọn ló ń fi ọ̀rọ̀ ara wọn ránṣẹ́ sí Crockford, nítorí náà ohun tí wọn ò bá sọ kò sí níbẹ̀. Ní ti Crowther, ìwé CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó bá ṣiṣẹ́, tó wà ní Yunifásítì Birmingham ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.