Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀: àwo dára, àpò bóòtù rẹ̀ ni kò dára

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo yọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ kúrò nínú ilé mi, tí mo sì gbé tuntun sí ipò rẹ̀ láìpe oníṣẹ́ kankan. Oríṣi tí mo rà ni èyí tí àwo rẹ̀ àti tánkì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a óò fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú páìpù ilẹ̀. Bọ́tìnnì méjì ni ó wà lórí tánkì rẹ̀: kékeré ń tú omi líta 3 jáde, ńlá ń tú líta 6. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí mo ti yẹ páálí irú rẹ̀ mìíràn wò lórí àtẹ, ohun kan náà ni mo sì rí: tánganran tí ó jíire, pẹ̀lú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá tí kò bá a dọ́gba rárá.

Kí n kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá nínú àwo náà kí n tó gbé e kalẹ̀, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ títí dé inú kọ̀rọ̀ tí ojú kò lè tó. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibi tí ó bá rí ṣákiṣàki ni ìdọ̀tí ti ń lẹ̀ mọ́. Àwo tí mo yọ kúrò ń gba nǹkan bí líta 13 nígbàkúùgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a sì tún máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Líta 6 ti èyí ń gbá ohun gbogbo lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì kékeré dára fún ìtọ̀, ṣùgbọ́n bí bébà bá pọ̀ díẹ̀, ó máa ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ kí ó máa léfòó.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra irú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wọn ìwọ̀n tí ó wà láti ara ògiri títí dé àárín ihò páìpù inú ilẹ̀. Bí àwo àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, àárín bóòtù méjèèjì tí ó dè é mọ́lẹ̀ ni kí ó wọ̀n dé, nítorí wọ́n wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ihò. Mìlímítà 305 ni ti èyí tí mo rà, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tí tiwọn jẹ́ 254 tàbí 356. Ara ògiri gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, kì í ṣe ara pákó tí a kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ páálí ni wọ́n kọ nọ́ńbà yìí sí, ní lẹ́tà tí ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Yíyọ àwo àtijọ́ kò nira: mo ti omi pa, mo tú èyí tí ó wà nínú tánkì dànù, mo fi kànìnkànìn fa èyí tí ó ṣẹ́kù, mo sì kọ́kọ́ yọ tánkì kí ẹrù náà lè fúyẹ́. Ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni àkísà tí a óò fi dí ẹnu páìpù. Omi tí ó dúró sínú kọ́rọ́ àwo, irú ọgbọ́n tí Alexander Cumming gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ọdún 1775, ni ó ń dènà òórùn àti gáàsì inú kòtò. Bí àwo bá ti kúrò, kò sí ohun tí ó dènà wọn mọ́. Àkísà náà kò sì ní jẹ́ kí bóòtù já bọ́ sínú páìpù.

Òrùka ìda ni ó kó mi sí wàhálà, ìyẹn òrùka rírọ̀ tí a ń fi sáàárín ìdí àwo àti ẹnu páìpù kí omi má baà jò. Ìwé ìlànà inú páálí lo ojú-ìwé mẹ́ta gbáko láti fi ṣàlàyé bí a óò ṣe de ìdérí mọ́ ìjókòó, ohun tí ọmọdé lè ṣe, ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n yà nípa òrùka yìí, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ ni pé orí táìsì ni ó yẹ kí òrùka líle tí ó yí ẹnu páìpù ká jókòó lé, kí ó ga jù ú lọ ní nǹkan bí mìlímítà 6. Ní ilé tèmi, wọ́n ti to táìsì tuntun lé àtijọ́ lórí, nítorí náà inú kòtò ni tèmi wà, ó fi bíi mìlímítà 10 rẹlẹ̀ sí ojú ilẹ̀, òrùka ìda pẹlẹbẹ tí ó bá àwo wá kò sì tó láti dé ibẹ̀. N kò mọ̀. Mo gbé àwo lé e, mo jókòó lé e lórí kí ìwọ̀n ara mi lè tẹ ìda náà, mo de bóòtù, mo sì lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń yọ́ jáde láti ẹ̀yìn ìdí àwo.

Ohun tí ó kó mi yọ ni pé nígbà tí mo ń fi gọ́ọ̀mù dí etí ìdí rẹ̀ yíká, mo fi apá ẹ̀yìn sílẹ̀ láìdí. Ká ní mo ti dí gbogbo rẹ̀ pa ni, abẹ́ táìsì ni omi náà ìbá máa wọ́ lọ kí n tó fura. Mo tún àwo náà gbé sókè. Ẹ̀gbẹ́ kan òrùka ìda ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì rí bí ó ṣe jáde láti inú ọ̀rá, àmì ìka mi ṣì wà lára rẹ̀. Ìda tí a bá ti tẹ̀ kì í wú padà, a kò sì lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo ra èyí tí ó nípọn, mo tún ra òrùka ike tí a fi ń gbé ẹnu páìpù ga. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti gbẹ.

Àwọn bóòtù wọn ńkọ́? Irin tí wọ́n kun lásán ni, kò sì tó oṣù kan tí ìpẹtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀ lára tánganran funfun. Mo ti fi ti idẹ rọ́pò wọn. Bí a bá ń dè wọ́n, kí a yí ọ̀tún díẹ̀, kí a yí òsì díẹ̀, kí a sì dáwọ́ dúró bí àwo kò bá ti mì mọ́, nítorí tánganran kì í tẹ̀, ńṣe ni ó ń sán. Fún ti tánkì, bébà gbígbẹ ni mo tẹ̀ mọ́ abẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí omi kún. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, yíyí díẹ̀ sì ti tó fún un.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà nípa òrùka àti bóòtù wọn. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ìwé ìlànà kan náà, ojú-ìwé mẹ́ta ti ìdérí àti àwòrán kan ṣoṣo.