Fífojú wọn ẹ̀jẹ̀ àbí ọ̀rá onílà: èwo ló ń tètè tú àṣírí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ?

Ojú ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí fi ń mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà. Kò náni lówó, àmọ́ ojú a máa tanni: aṣọ á ti fa díẹ̀ mu, òmíràn á ti dà pọ̀ mọ́ omi. Èyí tó ń sun díẹ̀díẹ̀ ló burú jù, torí kì í tètè dẹ́rù bani.

Ọ̀rá onílà ní tiẹ̀, abẹ́ ìdí ìyá ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí kété tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú àpò rẹ̀, agbẹ̀bí á wo ìlà. Tó bá ti dé 500 mílílítà, ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni, àríyànjiyàn parí.

Ìwádìí E-MOTIVE, tó jáde ní 2023, wáyé ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá láti dá ìsun ẹ̀jẹ̀ mọ̀, wọ́n rí nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó ní in. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, 51 péré.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá nìkan kọ́ o. Wọ́n ń fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n ń fún ìyá ní oxytocin (oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì), tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) àti omi gba iṣan, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: ọ̀rá tí kò sí oògùn nítòsí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń kà.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni. Tó bá tán nílé ìwòsàn, ojú náà ni wọ́n á padà sí, pẹ̀lú yíyẹ ìlùkìkì ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́.