Dọ́ḿbẹ̀lì 20 kg inú páálí: onísìmẹ́ǹtì ni àbí onírin?

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò eré ìdárayá ní Ìlọrin, páálí dọ́ḿbẹ̀lì (irin ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá) oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa gbé irin nílé. "20 kg" ni wọ́n kọ sára méjèèjì. Ọ̀kan tóbi, àwọ̀ rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ sì rọjú. Èkejì kéré lójú, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tó bá fi ojú lásán yàn, èyí tó tóbi ni yóò gbé lọ. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rọ sínú ike ló wà nínú èyí tó tóbi yẹn. Irin dídà, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì rọ, ló wà nínú èyí tó kéré. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tó bá di oṣù kẹta, kẹrin, ni ìyàtọ̀ wọn á fojú hàn, owó á sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí páálí onírin. Èyí tó pé máa ń ní ọ̀pá méjì, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, àti àwo irin méjìlá (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ọ̀pá): mẹ́rin tó jẹ́ 0.5 kg, mẹ́rin tó jẹ́ 1.25 kg, mẹ́rin tó jẹ́ 2.5 kg. Àpapọ̀ àwo jẹ́ 17 kg. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.5 kg, ìyẹn ló pé 20. Ìkọ tó wà lára páálí máa ń tan èèyàn níbí, torí 20 kg kì í ṣe ohun tí ọwọ́ kan máa gbé. Bí ẹ bá pín in sí méjì, 10 kg ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn páálí yìí ni bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ọ̀pá lásán jẹ́ 1.5 kg. Bí ẹ bá fi 0.5 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di 2.5. Ẹ yọ ìyẹn, ẹ fi 1.25 síbẹ̀, ó di 4. Ẹ da méjèèjì pọ̀, ó di 5. Lẹ́yìn náà ó kan 6.5, 7.5, 9, kó tó wá di 10. Ìpele mẹ́jọ nìyẹn fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ibi tí ẹ ti máa fi ju kílò kan àtààbọ̀ lọ fò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí iṣan ṣe ń lágbára náà nìyẹn. Ẹni tó ń ti 4 kg sókè orí, tó bá gba 5 kg, ó ti fi ìdámẹ́rin kún ẹrù rẹ̀. Ìyẹn pọ̀ tó. Bí kò bá wá sí àwo 0.5 kg nínú páálí, láti 4 ni yóò ti bọ́ sí 6.5 lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kì í gbà á. Ẹ̀yìn á yọ sẹ́yìn, èjìká á gbé sókè, ibẹ̀ ni oríkèé èjìká ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn. Nítorí náà, àwo tó kéré jù nínú páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí mẹ́rin rẹ̀ kò bá pé, ẹ dúnàándúrà tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

Fún ẹsẹ̀ àti ìbàdí, ẹ ó nílò ẹrù tó jù 10 kg lọ, ẹ ó sì kó gbogbo àwo sórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Gígùn ọ̀pá ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ọ̀pá 35 cm máa gba àwo 2.5 méjì àti 1.25 méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 16.5 kg, kí nọ́ọ̀tì ṣì rí ibi dì mú. Ọ̀pá 40 cm máa gba gbogbo rẹ̀, 18.5 kg. Ẹ mú téèpù lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yìí ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibí yìí gan-an ni onísìmẹ́ǹtì ti já mi kulẹ̀. Irin dídà wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, bí ìtóbi wọn bá dọ́gba. Ìyẹn ni pé kí sìmẹ́ǹtì tó lè wọn 2.5 kg, ó gbọ́dọ̀ gba ààyè ìlọ́po mẹ́ta. Àwo rẹ̀ nípọn, ó sì fẹ̀. Bí ẹ bá fi méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá ti sábà máa ń kún, nọ́ọ̀tì kò ní rí ju eyín díẹ̀ (ìlà yíyí tó wà lára ọ̀pá) dì mú. Ẹ̀rín kọ́ ni nọ́ọ̀tì tó di eyín méjì mú lókè orí èèyàn. Fífẹ̀ rẹ̀ tún ń dènà ìrìn ọwọ́: bí ẹ bá ń fa irin wá síkùn, etí àwo á máa gbá egungun ìhà, bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ ń tì í sókè, àwo méjèèjì á ti pàdé kí ọwọ́ tó na tán.

Ó tún ń fọ́. Ike òde kì í fọ́ ní ìṣubú àkọ́kọ́, sìmẹ́ǹtì inú ló ń là. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa gbọ́ ìró yanrìn nínú rẹ̀ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ìdérí kékeré tí wọ́n fi dí ojú ihò tí wọ́n gbà rọ sìmẹ́ǹtì á já, lẹ́búlẹ́bú á máa dà sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á sì fúyẹ́ ju èkejì. Ọrùn ọwọ́ ló ń jìyà ẹrù tí kò dọ́gba. Kò sí àtúnṣe kan tó dára fún un, kì báà ṣe gọ́ọ̀mù tàbí téèpù.

Síbẹ̀, n kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Kì í dípẹtà. Kì í pariwo lórí táìsì, kì í sì tètè fọ́ táìsì náà, èyí tó wúlò fún ẹni tó ń gbé ilé òkè tí ayálégbé mìíràn wà nísàlẹ̀. Fún màmá tàbí bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó kàn fẹ́ kí apá àti èjìká òun máa ṣiṣẹ́, tí kò sì ní ju 5 kg lọ lọ́wọ́ kan, onísìmẹ́ǹtì tó o. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ lágbára ni kó má rà á.

Nọ́ọ̀tì àti ọ̀pá nìkan ni àbùkù onírin tó yẹ ká dúró lé lórí. Eyín ọ̀pá ní òpin méjèèjì sábà máa ń yí sí apá kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ń gbé irin tí ẹ sì ń yí ọrùn ọwọ́, nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan á máa le sí i, ti èkejì á máa tú. Rọ́bà roboto tó wà nínú nọ́ọ̀tì ló yẹ kó dènà rẹ̀. Nínú àwọn ọjà olówó pọ́ọ́kú, rọ́bà náà tín-ín-rín, ó sì ń já bọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò omi ẹ̀rọ, ẹ ra wọ́ṣà rọ́bà tó wọ ọ̀pá 25 mm, mẹ́rin péré. Kí ẹ sì fọwọ́ di nọ́ọ̀tì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé irin léraléra kí ẹ tó sinmi), pàápàá kí ẹ tó gbé e kọjá ojú.

Ẹ fọwọ́ pa ibi ìdìmú ọ̀pá. Ó yẹ kí ó rí kíṣikìṣi, kí ó má sì gún ọwọ́. Bí ẹ bá rí i pé dídán ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo, ẹ má gbé e, ibẹ̀ máa gé àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ti gbogbo àwo wọ inú ọ̀pá níwájú olùtajà. Ihò àwo máa ń fẹ̀ ju ọ̀pá lọ díẹ̀, kò sí ìyọnu níbẹ̀. Àmọ́ bí àwo bá ń jó kiri lára ọ̀pá, ihò ọ̀pá ńlá ni wọ́n lu sí i, kì í ṣe ti 25 mm.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ kò nílò ìwọ̀n ńlá: ẹ gun ìwọ̀n ara tí wọ́n fi ń wọn èèyàn ní ilé ìwòsàn tàbí kẹ́mísì, ẹ wo iye rẹ̀, ẹ gbé gbogbo àwo, ọ̀pá àti nọ́ọ̀tì mọ́ra, ẹ tún gùn ún, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Bí ó bá dín ní kílò kan nínú 20, ẹ lè gbà á. Bí ó bá dín ní mẹ́ta, ẹ ṣírò owó kílò tí ẹ rí gan-an, ẹ má ṣírò èyí tí wọ́n kọ sára páálí. Ó tún ṣe pàtàkì kí àwọn àwo tó jẹ́ ìbejì wọn bákan náà.

Àwọn kan á sọ pé kí ló dé tí wọn kò ní gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún wẹ́dà. Ó ṣeé ṣe, ó sì lè dára. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á gé irin àlòkù roboto, á jó o mọ́ ọ̀pá tí kò ní ihò nínú. Ẹ tẹnu mọ́ ọn: ọ̀pá tó dì, tó nípọn láàárín 28 sí 32 mm, kì í ṣe páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí ojú ibi tí wọ́n jó ló ń ṣẹ́. Kí ó jó o yí po, kí ó má kàn tọ́ ọ lójú méjì. Kí ó fi máṣíìnì họ gbogbo etí. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwọ̀n kan ni yóò jẹ́ títí ayé. Fún 15 kg tàbí 20 kg tí ẹ fẹ́ fi ṣe ẹsẹ̀, ìyẹn kò burú rárá.

Ti agolo mílíìkì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kún, àwọn tó ṣe é sábà máa ń gbàgbé nǹkan méjì. Èkíní, páìpù máa ń yí nínú sìmẹ́ǹtì bí wọn kò bá jó irin kékeré dábùú òpin rẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́. Èkejì, wọ́n ń lò ó ní ọjọ́ kejì. Ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni kọnkéré ń lò kí ó tó le dáadáa. Lítà kan kọnkéré wọn nǹkan bíi 2.3 kg, nítorí náà rọ́bà páńtì lítà mẹ́rin tó kún á wọn bíi 9 kg. Ẹ fi ìyẹn ṣírò kí ẹ tó pò ó.

Bí irin bá ti délé, ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí ẹní méjì lé ara wọn sórí táìsì. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, bíi Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ nínú ìlànà ọdún 2020 pé ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà fi mú iṣan gbogbo ara lágbára. Ìṣe márùn-ún ti tó pẹ̀lú páálí yìí: kí ẹ di irin kan mú láyà, kí ẹ lóṣòó kí ẹ sì dìde; kí ẹ gbé ọwọ́ kan lé àga, kí ẹ fi èkejì fa irin wá síkùn; kí ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ tì í sókè; kí ẹ dúró kí ẹ tì í kọjá orí; kí ẹ di méjì mú, kí ẹ tẹ̀ láti ìbàdí pẹ̀lú ẹ̀yìn gbọọrọ títí irin á fi dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku bíi méjì tí ẹ ṣì lè ṣe. Bí sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé méjìlá, ẹ fi ìpele kan kún un, kí ẹ padà sí mẹ́jọ. Ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń tì í. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sé èémí mọ́nú rárá, kó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lásìkò àwẹ̀ Ramadan, lẹ́yìn ìṣínu ló dára jù, sẹ́ẹ̀tì méjì sì ti tó.

Àwọn obìnrin tó ń bẹ̀rù pé irin á sọ ara àwọn di ti ọkùnrin, ẹ fọkàn balẹ̀. 10 kg lọ́wọ́ kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni irin wúlò fún jù, nítorí egungun tó máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró.

Òógùn àti ọ̀rinrin ìgbà òjò ló ń fa ìpẹtà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin lẹ́yìn ìlò, kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ pa eyín ọ̀pá lóṣooṣù. Òróró kò gbọdọ̀ kan ibi ìdìmú.

Ẹ̀yin tó wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ẹ bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti Ìlọrin, ẹ ní kí wọ́n kó o sínú àpò ìrẹsì kí wọ́n tó gbé e sí bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ páálí kì í gba 20 kg lórí ọ̀nà jíjìn, nọ́ọ̀tì àti àwo 0.5 kg ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ ní gáréèjì kí dírẹ́bà tó lọ: ọ̀pá méjì, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, àwo méjìlá.