Lọ́yà tó bá wa gba owó páálí wa ní kóòtù: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí lójú tèmi

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ẹjọ́ wa ti parí tí owó sì ti wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó kọ nǹkan nípa lọ́yà tó bá wa ṣe é ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nírú wàhálà tá a wà nígbà yẹn rí i kà, torí nígbà tí tiwa bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo rí kà nípa àwọn lọ́yà ò ju "wọ́n mọṣẹ́ gan-an, ẹ pè wọ́n" lọ, kò sẹ́ni tó sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ àti ibi tó ti máa ń dunni.

Èmi àti àbúrò mi la jọ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí, àwọn páálí líle tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn níbí ní Amẹ́ríkà rajà lọ́wọ́ wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin la kó ẹrù ránṣẹ́, wọ́n gbà á, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n ń lò ó, àmọ́ nígbà tó kan owó ó di òní ọ̀la, òní ọ̀la, ìgbà tá a wá kọ lẹ́tà tó le díẹ̀ ni wọ́n ní páálí wa ò dáa, pé ó ba ọjà àwọn jẹ́, pé àwọn gan-an ló yẹ kó pe àwa lẹ́jọ́. Owó yẹn la fẹ́ fi san owó òṣìṣẹ́ o. Àbúrò mi ò sùn dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́yà tá a kọ́kọ́ lọ bá ò tíì ka ìwé kankan tó fi ń sọ pé òun máa fọ́ wọn túútúú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Ẹnì kan ló wá júwe màmá tó jẹ́ lọ́yà yìí fún wa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ àwọn oníṣòwò, àdéhùn tó dàrú, àwọn tó jọ dòwò pọ̀ tí wọ́n wá ń jà, òṣìṣẹ́ tó kó àṣírí òwò ọ̀gá ẹ̀ sá lọ, irú ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn kì í ṣe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Lọ́jọ́ tá a débẹ̀, kí wọ́n tó bi wá ní ìbéèrè kankan, wọ́n ní ká gbé ìwé àdéhùn wa wá. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n ń kà á níwájú wa, àwa náà ń wò wọ́n, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè ni wọ́n sọ pé ohun mẹ́ta làwọn ń wá: bóyá ìwé náà ní ká lọ bá onílàjà aládàáni dípò kóòtù, bóyá a ti fọwọ́ sí i pé a ò ní lo jọ́rì, ìyẹn àwọn aráàlú tí kóòtù máa ń kó jọ láti dá ẹjọ́, àti bóyá ẹni tó bá jẹ̀bi ló máa san owó lọ́yà ẹnì kejì. Kò séyìí tó wà níbẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìkẹta yẹn ló dun àwa jù. Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, tí ìwé àdéhùn ò bá sọ ọ́, tí òfin kan pàtó ò sì sọ ọ́, kálukú ló ń san owó lọ́yà tiẹ̀, bó borí bí kò borí. "Tẹ́ ẹ bá gba gbogbo owó yín, ẹ ṣì máa yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ rò ó kẹ́ ẹ tó padà wá." Wọ́n tún bi wá bóyá a ṣì fẹ́ bá àwọn yẹn ṣòwò lọ́la. Àbúrò mi ló fèsì pé nílé wa, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, màmá ní òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó bá ti kọ́kọ́ rò ó dáadáa làwọn máa ń fẹ́ bá ṣiṣẹ́. A lọ rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, a padà wá.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé iṣẹ́ yìí yé wọn ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ wa má pa ímeèlì tàbí mẹ́sééjì kankan rẹ́, èyí tó dáa, èyí tí ò dáa. Bẹ́ẹ̀, mẹ́sééjì kan wà lórí fóònù àbúrò mi, ó fi ránṣẹ́ sí dírẹ́bà wa lọ́jọ́ tẹ́rù kẹta ń lọ: "Òjò ti kan àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn díẹ̀, máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀." Ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Ó sọ fún mi lóru ọjọ́ yẹn pé ta ló máa mọ̀ tóun bá nu ún kúrò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la lọ sọ ọ́ fún màmá. Wọn ò pariwo mọ́ wa. Wọ́n ní tá a bá pa á rẹ́ ká lè fi pa mọ́, tó bá hàn, adájọ́ lè sọ fún jọ́rì pé kí wọ́n gbà pé ohun tá a pa rẹ́ yẹn ló máa dá wa lẹ́bi, ó tiẹ̀ lè lé ẹjọ́ wa dànù, ibi tó sì máa wá dunni jù ni pé ẹrù kan ṣoṣo lòjò kàn, a máa wá fi ìyẹn sọ ẹrù mẹ́ta tó dáa nù. "Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa gbé e síta." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Torí pé ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wà tí owó náà sì ju $75,000 lọ, kóòtù ìjọba àpapọ̀ la gbé ẹjọ́ lọ. Ọjọ́ 21 ni òfin fún àwọn yẹn láti fèsì lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé ìpẹ̀jọ́, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn gan-an ni wọ́n sì fèsì, wọ́n pe àwa náà lẹ́jọ́ padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan pàṣípààrọ̀ ìwé, ìyẹn ìgbà tí ìhà kọ̀ọ̀kan máa kó ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó yín máa bá lọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ìbéèrè tí ìhà kan lè kọ ránṣẹ́ sí ìkejì kì í sábà ju 25 lọ, àmọ́ ìwé tí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kó wá ò níye. Àwọn lọ́yà kékeré ọ́fíìsì wọn ló ń ka ímeèlì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ímeèlì, wọ́n sì ń ṣírò owó wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà, ẹ gbé fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ fi ímeèlì kan bi wọ́n nípa ohun tẹ́ ẹ ti bi wọ́n lánàá, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Oṣù kejì ni mo tó gbọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbéèrè mi jọ, mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ pọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìgbà kan wà tí wọ́n kọ owó lọ́yà méjì sílẹ̀ lórí ìpè fóònù kan náà, mo pè wọ́n, wọ́n yọ ọ̀kan kúrò láìjanpata, àmọ́ ká ní mi ò ka bílì yẹn ńkọ́?

Ibi tí mo ti wá rí ọwọ́ wọn ni deposition, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa jókòó ti ẹlẹ́rìí, tó máa búra, tí wọ́n á máa bi í léèrè, tẹ́nì kan á máa tẹ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kò ju wákàtí méje lọ lójúmọ́ kan fún ẹnì kan, àyàfi tí adájọ́ bá fún wọn láyè sí i. Kí tèmi tó tó, wọ́n fi odindi ọ̀sán kan kọ́ mi. "Ẹ jẹ́ kó béèrè tán. Ẹ mí. Ẹ dáhùn ohun tó bi yín, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́, ẹ má bá a wá ọ̀rọ̀ kún un." Ìdákẹ́ yẹn le ju kéèyàn sọ̀rọ̀ lọ, àgàgà fún èmi tí mo fẹ́ràn àlàyé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bi mánijà tó ń rajà fún àwọn yẹn léèrè, mo jókòó síbẹ̀. Màmá ò le mọ́ ọn rárá. Wọ́n fi ínfóìsì hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹ gba èyí, bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ẹ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ẹ tún béèrè òmíì lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá ní, "Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn pé páálí yìí ò dáa?" Ọkùnrin yẹn wo lọ́yà ẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé tábìlì, wọ́n ń wò ó tẹ̀rín tẹ̀rín, wọn ò tún un béèrè, wọn ò sọ nǹkan kan, ìró ẹ̀rọ atẹ́gùn nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tó yá ó ní òun ò rántí. Wọ́n fa ímeèlì kan yọ, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ẹrù tó kẹ́yìn ni déètì ẹ̀, ọjọ́ kẹta tá a fi lẹ́tà owó ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òfin ọjà títà tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń lò sọ pé ẹni tó bá ti gba ọjà gbọ́dọ̀ tètè fi tó ẹni tó tà á létí láàárín àkókò tó bójú mu tí àléébù bá wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè gba ìtanràn kankan lórí ẹ̀ mọ́. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti ń bi í láti àárọ̀, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ń mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó bí mi nínú jù. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn yẹn kọ̀wé sí adájọ́ pé kó dá ẹjọ́ náà láìjẹ́ pé ó dé iwájú jọ́rì, adájọ́ sì fi oṣù mẹ́fà gbé e yẹ̀wò. Lóṣù mẹ́fà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ́fíìsì màmá bá wa sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kò sóhun tí wọ́n lè ṣe, àmọ́ èèyàn tí gbèsè ń lé kiri nílò ẹni tó máa kàn sọ fún un pé kò tíì sí ìròyìn. Mo sọ ọ́ lójú wọn, wọ́n bẹ̀ mí, àtìgbà náà ni akọ̀wé wọn ti ń kọ ìlà méjì sí wa lọ́jọ́ Ajé gbogbo. Ó yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Adájọ́ ní ẹjọ́ máa dé iwájú jọ́rì. Kíá ni àwọn yẹn fẹ́ ká parí ẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí, wọ́n fi ìdajì owó lọ̀ wá. Màmá ya ìlà sórí ìwé, wọ́n kọ ohun tá a máa mú lọlé lónìí tá a bá gbà á, wọ́n kọ ohun tá a máa mú lọlé tá a bá borí lẹ́yìn tá a bá yọ owó lọ́yà àti ti ẹlẹ́rìí tó mọ̀ nípa páálí, wọ́n kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ kẹta, wọ́n ní ìyẹn tá a bá pàdánù. Wọn ò tì wá síhìn-ín, wọn ò tì wá sọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹjọ́ tó ń dé iwájú jọ́rì ò tó nǹkan rárá nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń pè, pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn gbowó kó máa lọ. Àwa la sọ pé rárá.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìgbẹ́jọ́ náà, jọ́rì mẹ́jọ. Nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́fà, wọn ò lè ju méjìlá lọ, ohùn wọn sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan àfi tí àwọn méjèèjì tó ń jẹ́jọ́ bá gbà pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ni ìhà kọ̀ọ̀kan lè yọ kúrò láìsọ ìdí. Àbúrò mi ní kí wọ́n yọ bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí rí, ó ní á mọ̀ jù. Màmá ní ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹni tó ti gbé páálí rí mọ̀ pé èèyàn kì í lo páálí tí ò dáa fún oṣù márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n dìde bá jọ́rì sọ̀rọ̀, wọn ò mú ìwé kankan dání, páálí wa kan ni wọ́n gbé lé tábìlì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, kí lọ́yà òdìkejì tó lanu, ni mẹ́sééjì àbúrò mi. Wọ́n kà á sókè, wọ́n ní ẹrù kẹta, òjò kan díẹ̀ níbẹ̀, a ò ní purọ́ fún yín, ẹ bá wa yọ ìyẹn, ẹ wá wo èyí tó kù. Mo wo ojú àwọn jọ́rì, àwọn bíi mẹ́ta mi orí. Nígbà tí lọ́yà àwọn yẹn wá gbé mẹ́sééjì kan náà jáde lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó rí wúrà, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè tí màmá ń bi ẹlẹ́rìí wọn kúrú, kókó kan ṣoṣo nínú ìbéèrè kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á kọjá sí òmíì. Mánijà yẹn tún fẹ́ sọ pé òun ti pè wá lórí fóònù nígbà kan, wọ́n ka ohun tó sọ lábẹ́ ìbúra fún un, ojú ìwé àti ìlà, wọ́n lọ jókòó.

Jọ́rì fún wa ní gbogbo owó ẹrù àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹrin, wọ́n gé owó ẹrù kẹta kù, ẹjọ́ tí wọ́n pè wá padà ò so èso kankan. Àwọn yẹn ní ọjọ́ 30 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn ò pè é, wọ́n sanwó pẹ̀lú èlé. Lẹ́yìn owó lọ́yà, ohun tó kù lọ́wọ́ wa ju ìdajì tí wọ́n fi lọ̀ wá yẹn lọ dáadáa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀, bí wọ́n sì ṣe sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, oṣù mẹ́fà ìdákẹ́ yẹn ló gba ọ̀kan. Tó bá jẹ́ gbèsè kékeré ni wọ́n jẹ yín, ẹ má lọ síbẹ̀, owó wọn máa jẹ ẹ́ tán, àwọn fúnra wọn náà á sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá ẹni tó máa bá yín bú ọ̀tá yín, ẹ máa rò pé wọ́n tutù jù. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ta ló máa ka àwọn ìwé yín gan-an, ẹ ní kí wọ́n máa sọ iye tí oṣù tó ń bọ̀ lè ná yín ṣáájú, ẹ sì ka bílì yín ní ìlà ìlà.

Ìwé àdéhùn tuntun tá a fẹ́ máa lò fún àwọn oníbàárà wa ti wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Ọ̀rọ̀ owó lọ́yà yẹn ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i.