Ike àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ fún ọmọ tó ní IgA vasculitis: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tán

Ike pélébé tó ní ìlà C (tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò ṣiṣẹ́) àti ìlà T (tó ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wà) yìí, tí ẹ lè rà ní kẹ́mísìtì nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, wúlò. Àmọ́ apá kan èsì rẹ̀ nìkan ló ṣeé gbára lé fún àìsàn yìí. Bí ìlà T bá yọ, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bí kò bá yọ, kò tíì sọ pé kò séwu o.

Ìdí ni pé nínú IgA vasculitis, àìsàn tó ṣọ̀wọ́n tó sì máa ń mú àwọn ọmọdé jù, èròjà IgA tó yẹ kó gbèjà ara ló ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, tí iṣan náà á wú, tí ẹ̀jẹ̀ á sì máa jò. Lára awọ dúdú, àmì tó máa ń yọ sí ẹsẹ̀ àti ìdí máa ń dúdú ju kó pupa lọ. Ó ga díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, kì í sì í parẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Nínú ikùn, ìfun kékeré ló sábà ń bá jà. Globin, purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ni ike yìí ń wá. Globin tó ti òkè, níbi ìfun kékeré, wá, ìfun á ti dà á bí oúnjẹ kó tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ìfun ńlá ni ike yìí mọ̀ dáadáa.

Póò tó mọ́ tó sì gbẹ ni kí ọmọ yàgbẹ́ sí, kí ìtọ̀ má kàn án. Ẹ gún igi inú ìgò kékeré tó bá ike wá sí ojú mẹ́ta lára ìgbẹ́ náà, torí ẹ̀jẹ̀ kì í tàn ká dọ́gba. Ẹ dá igi padà sínú ìgò, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì kán iye tí ìwé inú páálí bá sọ sójú ike, ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀kán 2 tàbí 3. Ọ̀pọ̀ ike ni wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú 5; ìlà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ má kà á. Tí C ò bá yọ, èsì náà kò ṣeé lò. Ẹran inú ọbẹ̀ kò lè ṣì í lọ́nà. Ooru ló ń bà á jẹ́: èyí tí oòrùn ń pa nínú gíláàsì ìta ṣọ́ọ̀bù, ẹ má rà á. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù náà lè mú kí ìlà má yọ, nítorí náà ìgbẹ́ tó pupa lójú kò nílò ike yìí rárá, dókítà ni kí ẹ lọ rí.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni kí wọ́n pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, kí wọ́n fún ọmọ ní àgbo tó ń múni yàgbẹ́. Ìfun tó wú lè wọnú ara rẹ̀. Inú á máa run ọmọ, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Á máa bì èébì aláwọ̀ ewé. Ikùn á le. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen lójú ẹsẹ̀, kí ẹ béèrè scan ikùn. Nínú àìsàn yìí, ìfun kékeré ló sábà ń wọnú ìfun kékeré, omi tí wọ́n ń fà sí ìdí kí wọ́n tó ya X-ray lè má débẹ̀.

Àìsàn yìí lè mú kíndìnrín náà. Tówó ò bá tó ra ike yìí àti strip àyẹ̀wò ìtọ̀ pa pọ̀, strip ni kí ẹ rà, kí ẹ máa wo ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì fún oṣù 6 ó kéré tán. Kíndìnrín lè bàjẹ́ láìdun ọmọ rárá.