Páàsì bọ́ọ̀sì oṣooṣù àbí káàdì báńkì: èwo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀n?

Àbúrò mi kan tó ń múra àtilọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀n wá bá mi ní Ìbàrà, l'Abẹ́òkúta, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n ra páàsì oṣù ni, àbí kí n kàn máa fi káàdì báńkì wọ bọ́ọ̀sì?" Mo ti lo méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ mí lówó gan-an.

Ní gáréèjì Kútọ̀ níbí, kọ̀ńdọ́ lẹ máa kó owó fún. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀n kò gba owó ọwọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti 2014. Iye ti 2025 ni mo fi ṣírò níbí: pọ́ùn 1.75 ni ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó ń lo káàdì báńkì ní gbèdéke: owó rẹ̀ kò ní kọjá 5.25 lójúmọ́, kò sì ní kọjá 24.70 láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú. Páàsì oṣù kan lórí Oyster, ìyẹn káàdì ìwọkọ̀ ti Lọ́ńdọ̀n, jẹ́ 94.90, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ ìbáà wọ bọ́ọ̀sì lójúmọ́.

Gbèdéke yẹn ló tàn mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárọ̀, mo tún ń lọ mo ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Láàárọ̀, káàdì ni mo ń fi kan ẹ̀rọ tó ń gba owó nínú bọ́ọ̀sì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òtútù á ti mú mi níka débi pé n kò lè ṣí bọ́tìnnì kóòtù mú káàdì jáde. Fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, tí mo ti fi káàdì yẹn sínú rẹ̀, ni mo máa fi kàn án. Àkáǹtì kan náà ni méjèèjì ń fa owó nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ dún bákan náà, mo wọlé, mo jókòó. N kò mọ̀ pé ẹni méjì ni wọ́n ń kà mí sí. Káàdì ná 21 lọ́sẹ̀, fóònù ná 21, ìkankan kò sì dé 24.70. Pọ́ùn 42 dípò 24.70! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é kí n tó yẹ àkáǹtì mi wò. 103.80 ló ti lọ báyẹn, ó ju owó páàsì oṣù kan lọ.

Káàdì náírà ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa ṣẹ́ owó yín sí pọ́ùn. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ní àkáǹtì níbẹ̀ lè fi owó ọwọ́ ra páàsì ní ṣọ́ọ̀bù tó gbé àmì Oyster kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba Oyster ti akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ẹ̀dínwó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí páàsì oṣù. Káàdì báńkì kò ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n páàsì bọ́ọ̀sì kò wọ ọkọ̀ ojú irin. Travelcard ni ti ọkọ̀ ojú irin, ó wọ́n jù ú, àmọ́ ó ń wọ gbogbo bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀n.

Ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, 17.50 ni yóò ná lọ́sẹ̀. Káàdì báńkì tó o. Ẹni tó níṣẹ́ méjì, tó tún ń lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó ra páàsì. Mo ti ní kí àbúrò mi ya owó páàsì oṣù àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì fara mọ́ káàdì báńkì, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀ lónìí.