Arundhati Bhattacharya ní State Bank of India: Àyẹ̀wò Ọdún Mẹ́rin Lórí Àga Alága

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni Arundhati Bhattacharya di alága State Bank of India, bánkì tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, obìnrin àkọ́kọ́ tí ipò náà bọ́ sí lọ́wọ́. Wọn kò mú un wá láti ìta, nítorí pé ọdún 1977 ló ti wọ bánkì náà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ níṣẹ́, ó sì lo ọdún 36 níbẹ̀ kí ipò alága tó kàn án.

Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ìsinmi ọdún méjì tó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ni mo kà sí iṣẹ́ tó dára jù lọ. Obìnrin tó bá fẹ́ tọ́ ọmọ, tàbí tó ní òbí tó ń ṣàìsàn nílé, lè lọ tọ́jú wọn kó sì padà bá iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí ni: ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí bánkì gbé òun lọ sí ìlú Lucknow, tí òun kò rí ilé ẹ̀kọ́ tó máa gba ọmọ òun, díẹ̀ ló kù kí òun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, tó dépò tán tí kò gbàgbé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, yẹ lẹ́ni tí à ń yìn.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2017, ó da bánkì márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ State Bank àti Bharatiya Mahila Bank, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, pọ̀ mọ́ bánkì ńlá náà. (State Bank of India kò ṣàjèjì sí wa ní Nàìjíríà: ó ní ìpín nínú Indo-Nigeria Merchant Bank, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó para pọ̀ di Sterling Bank ní ọdún 2006.)

Àmọ́ ọjọ́ kan náà ni ohun tí n kò lè gbójú fò bẹ̀rẹ̀. Bánkì pàṣẹ pé oníbàárà tó wà ní ìlú ńlá gbọ́dọ̀ máa fi 5,000 rúpì, owó Íńdíà, sílẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ̀, ti ará abúlé sì jẹ́ 1,000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa yọ owó ìtanràn. Òótọ́ ni pé wọ́n yọ àkáǹtì Jan Dhan, tí ìjọba ṣí fún àwọn tálákà, sílẹ̀ nínú àṣẹ náà, alága sì ṣàlàyé pé ìnáwó lórí àwọn àkáǹtì Jan Dhan náà pọ̀ fún bánkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò owó ìtanràn yìí. Àlàyé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí owó àkáǹtì rẹ̀ kò tó iye yẹn kò ní in ni, kì í ṣe pé ó fi pa mọ́ síbòmíràn, a sì tún ń bù nínú díẹ̀ tó kù sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n dín 5,000 kù sí 3,000, wọ́n sì yọ àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú rẹ̀, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí Arundhati tó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni bánkì tó fagi lé àṣẹ náà pátápátá, lábẹ́ alága mìíràn.